Ìrìn Wa Lórí Yìnyín ní Igbó Montmorency

Láti ìgbà tí a ti ń kọ abala yìí láti Québec, ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ kì í yé bi wá bí ìwé àṣẹ ìrìnnà wọn bá ti jáde: báwo ni a ṣe ń ṣe òtútù ibẹ̀? A máa ń dá wọn lóhùn pé kí wọ́n ra ẹ̀wù tó nípọn. Ìdáhùn náà kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹ̀wù tó nípọn lè gbé ènìyàn dé ibi iṣẹ́, kí ó sì gbé e padà sílé. Kò lè gbà á lọ́wọ́ oṣù márùn-ún tí yóò fi jókòó sínú iyàrá kan ṣoṣo, tí yóò máa wo òde láti ojú fèrèsé, tí kò ní rí ẹni bá sọ̀rọ̀ àfi fóònù. Ó ti ṣe púpọ̀ nínú wa bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí àwa mẹ́rìnlá, ọmọ Kétu, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, ọmọ Àjàṣẹ́, pẹ̀lú àwọn méjì tó wá láti Atakpamé ní Tógò, fi pinnu ní oṣù kejì ọdún tó kọjá pé a ó lo òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú igbó. A kò lọ síbẹ̀ láti sá fún yìnyín. A lọ láti rìn lórí rẹ̀.

Igbó Montmorency wà ní nǹkan bí 70 kilómítà sí àríwá ìlú Québec, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà 175 tó gba àárín àwọn òkè Laurentides kọjá. Igbó ẹ̀kọ́ ni. Yunifásítì Laval ló ń lò ó láti ọdún 1964 láti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa igi àti ẹranko. Igi firi, tí wọ́n ń pè ní sapin, ló pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú igi bouleau tí èèpo rẹ̀ funfun bí ẹfun. Yìnyín tó ń rọ̀ síbẹ̀ láàrin ọdún kan máa ń ju mítà 6 lọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá dúró láì yọ́, tí kò sì fún mọ́ra, yóò bo ilé onípele kan mọ́lẹ̀ tòun ti òrùlé rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn tó ń bójú tó igbó náà tilẹ̀ ti kọ́ bí a ṣe ń fi yìnyín pamọ́ de ọdún tí ń bọ̀. Wọn a kó o jọ ní òkìtì nígbà tí òtútù bá ń lọ sópin, wọn a fi igi wẹ́wẹ́ bò ó mọ́lẹ̀ kí ó nípọn, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ títí ìgbà ooru yóò fi kọjá. Bí òtútù tuntun bá ku díẹ̀ kó dé, wọn a tú u jáde, wọn a tẹ́ ẹ sójú ọ̀nà kí àwọn eléré ski lè tètè bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a gbọ́ èyí, Ìyá Ìbejì, tó jẹ́ àgbà jù nínú àwọn obìnrin wa, mi orí, ó ní bí àwọn àgbẹ̀ ilé ṣe ń fi koríko bo orí ebè iṣu nìyẹn, kí oòrùn má baà pa iṣu tó wà nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, kí a tó kúrò ní agbègbè ìlú, a yà sí Wendake, ìlú àwọn Huron-Wendat, tí wọ́n jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀ ibí kí Faransé tó dé. Ó tọ́ kí a yà síbẹ̀, nítorí àwọn onílẹ̀ ni a ti kọ́ bàtà tí a ó wọ̀ ní ọjọ́ kejì. Igi frêne ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: wọn a mú un gbóná nínú oruku omi títí yóò fi rọ̀, wọn a tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ, wọn a sì fi okùn awọ ẹran hun àárín rẹ̀ bí àwọ̀n. Láyé àtijọ́, ẹni tí kò ní irú bàtà yìí kò lè ṣọdẹ nínú igbó lákòókò òtútù, bí kò bá sì ṣọdẹ, ebi ni. Ohun mìíràn tí a rí kọ́ níbẹ̀ kò jẹ́ kí inú wa dùn tán. Èdè Wendat ti kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn fún ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 2007, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan pẹ̀lú Yunifásítì Laval, tí wọ́n pè ní Yawenda, èyí tó túmọ̀ sí ohùn. Láti inú ìwé atúmọ̀ tí àwọn àlùfáà Faransé fi ọwọ́ kọ láyé ọjọ́un ni wọ́n ti ń ṣa ọ̀rọ̀ àwọn baba wọn jọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, láti tún fi kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Olúkúlùkù ló mọ èdè tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń dá a lóhùn nílé.

Bóyá ìdí nìyẹn tí àríyànjiyàn fi bẹ́ sílẹ̀ lórí orúkọ kí a tó dé inú igbó. Kí ni a ó máa pe ohun tí à ń lọ tẹ̀ mọ́lẹ̀ yìí? Púpọ̀ nínú wa ní yìnyín ni. Àwọn kan ní rárá, yìnyín ni èyí tó máa ń bá òjò jábọ́ sórí páànù, tí àwọn ọmọdé ń sáré ṣà jẹ. Líle ni bí òkúta, èyí tó ń fò lẹ́lẹ́ bí òwú yìí kò jọ ọ́. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa ti bá ìṣòro yìí pàdé, wọ́n sì pè é ní òjò-dídì. Orúkọ náà dára, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn tó ń gbé níhìn-ín, yìnyín ti borí, a ó sì bá wọn lọ. Bàtà tí wọ́n ń pè ní raquette, a fẹnu kò pé bàtà aláwọ̀n ni. Ski ni kò rí orúkọ gbà. Ẹnìkan dábàá pákó ìyọ̀, a rẹ́rìn-ín títí, a sì fi í sílẹ̀ ní ski. Bí ẹ̀yin òǹkàwé bá ní orúkọ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi ránṣẹ́.

Ski tí à ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí ẹ máa ń rí lórí tẹlifíṣàn, tí ènìyàn ń já bọ̀ láti orí òkè bí ọfà. Ski de fond ni wọ́n ń pè é. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sábà máa ń gùn ju ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ. Orí bàtà nìkan ló so mọ́ ọn, gìgísẹ̀ a máa gbé sókè bí ìgbà tí a bá ń rìn. Agbára ẹsẹ̀ àti ọ̀pá méjì tí a mú lọ́wọ́ ni a fi ń lọ, ì báà jẹ́ ilẹ̀ títẹ́jú, ì báà jẹ́ òkè. Ẹ̀rọ ti la ipa méjì sójú ọ̀nà tẹ́lẹ̀, ó jọ ojú irin rélùwéè, inú ipa wọ̀nyí ni ẹsẹ̀ ń gbà. Lábẹ́ ski, níbi tí àtẹ́lẹsẹ̀ bọ́ sí gan-an, wọ́n gbẹ́ ẹ bí ìpẹ́ ẹja. Bí a bá tì í síwájú, yóò yọ̀. Bí ó bá fẹ́ padà sẹ́yìn, ìpẹ́ náà yóò di ilẹ̀ mú. Ẹni tí kò bá gbé ìwúwo rẹ̀ lé e dáadáa ni yóò máa yọ̀ padà bí ẹni tó ń gun òkè alámọ̀ lẹ́yìn òjò. Láti sọ òkè kalẹ̀, a kọ́ wa pé kí a pa imú ski méjèèjì pọ̀, kí a ya ẹ̀yìn wọn, kí a sì rọra tẹ orúnkún. Ẹ̀kọ́ náà rọrùn létí. Ní wákàtí àkọ́kọ́, kò sí ọ̀kan nínú wa tí kò fi ìdí kanlẹ̀, àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà ìbílẹ̀ sì ń kọjá lára wa, wọ́n ń kí wa "bonjour" láì dúró.

Eré yìí kì í ṣe ti ibí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ará àríwá Yúróòpù ló ni ín láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, àwọn àtìpó láti Nọ́wè sì wà lára àwọn tó gbé e wá sí Kánádà. Ọ̀kan nínú wọn ni Herman Smith-Johannsen, tí a bí ní 1875, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Jackrabbit, ìyẹn Ehoro. Òun ló la ọ̀pọ̀ ọ̀nà ski ní àwọn òkè Laurentides ní ẹ̀bá Montréal ní àwọn ọdún 1930. Ó ṣì ń wọ ski lẹ́yìn tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹni ọdún 111 ni nígbà tó kú ní 1987. Bí àtìpó bá lè sọ ara rẹ̀ di baba eré kan ní ilẹ̀ onílẹ̀, ó yẹ kí a lè sún mọ́ ọn wò. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń sọ pé òyìnbó nìkan ló ń ṣe é, ẹ jẹ́ kí a rán wọn létí Mathilde-Amivi Petitjean, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Tógò, tó dàgbà ní Haute-Savoie ní ilẹ̀ Faransé. Òun ló gbé àsíá Tógò ní Eré Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Sochi ní 2014, ìgbà àkọ́kọ́ tí Tógò kópa nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ski de fond yìí gan-an ló sì sá. Samuel Ikpefan náà sá a fún Nàìjíríà ní Beijing ní 2022.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀. A ti ń mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ara wa ti yá gágá. A mú ọ̀nà kan tó jẹ́ kilómítà 8, tó yí padà sí ilé onígi tí a gbà. Òtútù jẹ́ dìgírì 19 nísàlẹ̀ òdo, ṣùgbọ́n oòrùn yọ, kò sì sí ẹ̀fúùfù. Ẹni tó mọ ọyẹ́ ilé wa nìkan kò lè mọ irú òtútù yìí. Ọyẹ́ a máa họ ara, a máa la ètè. Èyí kì í fọwọ́ kan ènìyàn títí ìgbà tí ènìyàn bá dúró. Níwọ̀n ìgbà tí a bá ń rìn, ooru ara wa a máa gbà wá. Bí a bá dúró, ìgbà náà ni yóò wá gba tirẹ̀.

Láì sí ẹni tó fẹnu sọ ọ́, a ti pín sí méjì. Àwọn tó lágbára lọ, àwọn tí kò lágbára ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwa tí a ń kọ abala yìí wà lára àwọn tó lọ, a kò ní fi pa mọ́. A dé ilé ní nǹkan bí aago mẹ́rin, a dá iná sínú ààrò irin, ẹnìkan ti ń sín gàrí, ẹ̀rín sì gba ilé kan. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó jẹ́ olùtọ́jú aláìsàn ni ó dìde láàrin ilé tó bẹ̀rẹ̀ sí kà wá. Ó ka méjìlá. Ó tún kà. Ìyá Ìbejì kò sí níbẹ̀, àbúrò wa kan, ọmọ Kétu, tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ tó dé, kò sí níbẹ̀. Àwọn tó wà níwájú rò pé wọ́n wà pẹ̀lú àwọn tó wà láàrin. Àwọn tó wà láàrin rò pé wọ́n ti kọjá lọ níbi tí ọ̀nà ti pínyà. Fóònù kò gbé nínú igbó náà. Ó kù díẹ̀ kí oòrùn wọ̀.

Àwọn méjì lọ sọ fún àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà. Àwa mẹ́ta pẹ̀lú olùtọ́jú aláìsàn náà mú tọ́ọ̀ṣì, aṣọ ìbora àti tíì gbígbóná, a sì padà sójú ọ̀nà. Ní nǹkan bí kilómítà 2 ni a ti gbọ́ ohùn Ìyá Ìbejì kí a tó rí i. Kò ké gbàjarè. Ńṣe ló ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ kíkan, bí ìyá tó ń bá ọmọ wí.

Ọmọ náà jókòó sórí yìnyín lẹ́bàá igi, ski rẹ̀ kan ti bọ́. Ìyá Ìbejì ti bọ́ ẹ̀wù tirẹ̀ kan, ó fi dì í, ó sì ń mì í léjìká. Ohun tó ń sọ fún un ni pé kí ó ki oríkì ilé wọn. Ó ṣàlàyé fún wa lẹ́yìn náà. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni òun, òun kò mọ oríkì ará Kétu kankan tí òun ì bá fi gbé e dìde, nítorí náà òun ní kí ó ki ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó kì í dé ibì kan, ahọ́n rẹ̀ wúwo, ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà kejì kò dé ibi tó dé tẹ́lẹ̀. Nígbà kẹta ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n sùn díẹ̀." Ó ní ìgbà náà ni ẹ̀rù ba òun, nítorí ọmọ tó gbàgbé oríkì ilé baba rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún kì í ṣe àárẹ̀ lásán ló mú un.

Olùtọ́jú aláìsàn náà sọ pé òtítọ́ ló rí. Bí òtútù bá ti wọ inú ènìyàn, ọwọ́ a kọ́kọ́ ṣe gọ̀, ẹsẹ̀ a máa kọ, ọ̀rọ̀ a máa lọ́ lẹ́nu, oorun a sì dé. Bí gbígbọ̀n bá dáwọ́ dúró tí onítọ̀hún kò sì tíì móoru, ewu ńlá ni. Ti àbúrò wa, ó ṣì ń gbọ̀n. A fún un ní tíì nígbà tó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ife mú, a dì í pẹ̀lú aṣọ ìbora, a sì mú un rìn láàrin wa títí àwọn aṣọ́nà fi gbé ẹ̀rọ tó ń sáré lórí yìnyín wá pàdé wa.

Nínú ilé ni a ti bọ́ aṣọ rẹ̀ tí a sì rí ohun tó fa á. Ẹ̀wù òde rẹ̀ dára. A tilẹ̀ ti yìn ín láàárọ̀. Ṣùgbọ́n lábẹ́ rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì òwú mẹ́ta ló wọ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò jíìnsì méjì. Òwú a máa mu òógùn, kì í sì í gbẹ. Bí ó ti ń gun òkè, ó làágùn. Bí ó ti dúró láti tún ski so, gbogbo omi tó wà lára rẹ̀ di omi yìnyín. Àwọn ará ibí ní kí ènìyàn wọṣọ bí àlùbọ́sà, ní ìpele ìpele: èyí tó kan ara kí ó jẹ́ irun àgùntàn tàbí aṣọ tí kì í mu omi, kí ó tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tó tẹ̀lé e kí ó móoru, èyí tó wà lóde kí ó dènà ẹ̀fúùfù. Bí òógùn bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí a ti bọ́ ọ̀kan. Ọyẹ́ kọ́ wa láti kó gbogbo aṣọ tí a ní wọ̀. Níhìn-ín, ọgbọ́n wà nínú bíbọ́.

Ìka ọwọ́ rẹ̀ méjì ti sé. Ìwé sọ pé awọ a máa pọ́n, lẹ́yìn náà yóò funfun. Èyí dára fún òyìnbó. Lára aláwọ̀ dúdú, olùtọ́jú aláìsàn náà ní kí a máa wo àwọ̀ tó ṣì bí eérú, tó le bí àbẹ́là, tí kò sì mọ̀ ọ́n lára bí a bá fọwọ́ kàn án. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ ra á, kò jẹ́ kí ó sún mọ́ ààrò. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló fi í sí, díẹ̀díẹ̀. Ọ̀kan nínú wa gbé sódàbì jáde nínú àpò rẹ̀ pé èyí ni yóò yanjú rẹ̀. Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ọtí a máa mú kí awọ móoru fún ìṣẹ́jú díẹ̀, nígbà tí ooru inú ń sá jáde. Igo náà kò tún fojú hàn títí a fi délé, a kò sì mọ ibi tó gbà.

Lálẹ́, nígbà tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ tó sì ti jẹun, àbúrò wa sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ pé òwú kò dára. Wọ́n ti sọ ọ́ nínú ìwé tí a fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa kí a tó lọ. Ṣùgbọ́n owó ilé àti owó ilé-ẹ̀kọ́ ti kó gbogbo ohun tó ní, ẹ̀wù òde ló lè rà, nítorí òun ni gbogbo ènìyàn ń rí. Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀ sí mú un lójú ọ̀nà, kò pe ẹnikẹ́ni, nítorí kò fẹ́ kí a sọ pé ẹrù ni òun jẹ́. Ìyá Ìbejì ló dúró láì jẹ́ pé ó pè é. Ó ní òun rí i pé ọmọ náà ti ń rìn bí ẹni tó mutí, òun sì mọ̀ pé kì í mutí.

Ilé pa rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti lo ọdún mọ́kànlá níhìn-ín sọ pé ní ìgbà òtútù tirẹ̀ àkọ́kọ́, ìwé ìròyìn ni òun máa ń tẹ́ sínú bàtà, tí òun sì ń sọ fún àwọn ará ilé lórí fóònù pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Òmíràn sọ tirẹ̀. Ó yà wá lẹ́nu bí ó ti pọ̀ tó nínú wa tó ní irú ìtàn yìí, tí kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Gbogbo wa ti gba ìwé kan náà, ó ní kí a wá pẹ̀lú aṣọ irun àgùntàn. Kò sí ibi tí a kọ ọ́ sí níbẹ̀ pé ẹni tí kò bá ní kí ó wí. Àwa la kọ ìwé náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí a tó jáde, gbogbo wa da àpò wa sílẹ̀ láàrin ilé, olúkúlùkù sì mú ohun tó ṣẹ́ kù fún un wá. Ìka àbúrò wa ti padà bọ̀ sípò, ó ń ta á, èyí tí olùtọ́jú aláìsàn náà sọ pé àmì rere ni. Ó ní kí ó jókòó sílé. Ó kọ̀. Ó bẹ̀ títí, a fi ìbọ̀wọ́ méjì wọ̀ ọ́ lé ara wọn, ó sì tẹ̀lé wa fún wákàtí kan péré.

Bàtà aláwọ̀n ni ti ọjọ́ náà. Kò ṣòro bí ski. Ẹni tó bá lè rìn lè wọ̀ ọ́, kìkì pé kí ó ya ẹsẹ̀ díẹ̀ kí ó má baà tẹ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá bọ́ kúrò lójú ọ̀nà láì wọ̀ ọ́ yóò rì dé ìbàdí. Ohun tó ń ṣe kò ju pé ó ń tan ìwúwo ènìyàn ká lọ, bí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ pẹlẹbẹ ṣe ń ṣe lójú ọ̀sà Àjàṣẹ́. Yìnyín tuntun ti rọ̀ lóru, kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan nínú igbó àfi ti ehoro ibẹ̀, tó ń di funfun ní ìgbà òtútù, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kì í fi í rì. Àwọn kan ní lára rẹ̀ ni àwọn onílẹ̀ ti kọ́ bàtà wọn. Ó ṣeé gbà gbọ́ bí ènìyàn bá rí ipa náà.

A tún ìlà tò. Nínú yìnyín tuntun, ẹni iwájú ló ń ṣiṣẹ́ jù, nítorí òun ló ń tẹ ọ̀nà fún àwọn yòókù. Alágbára ni a fi síbẹ̀, bí ó bá ti rìn bí ìdajì kilómítà, yóò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò jẹ́ kí gbogbo ìlà kọjá, yóò sì wọlé lẹ́yìn. Ẹni tó lọ́ra jù ni a fi ṣe ẹnìkejì, kí ìrìn gbogbo wa lè jẹ́ ìrìn tirẹ̀. Olùtọ́jú aláìsàn gba ìdí ìlà pẹ̀lú àpò rẹ̀. Bí ẹni iwájú bá ti ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìlà lè kọjá, ó ń kà wá. Ìgbà méje ni a kà wá lọ́jọ́ náà, mẹ́rìnlá ni lẹ́ẹ̀keje. Nígbà tí wákàtí kan pé, gbogbo wa la yí padà, kì í ṣe àbúrò wa nìkan. Ìrìn náà kúrú, ó sì lọ́ra. Àwọn alágbára kùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé a lọ́ra ni a fi gbọ́ ìdákẹ́ igbó náà, pẹ̀lú ìró yìnyín tó ń já bọ́ lórí ẹ̀ka igi, tí a kò gbọ́ rárá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Nígbà tí à ń padà lọ, bí a ti dé ibi tí fóònù ń gbé, àbúrò wa pe ìyá rẹ̀ ní Kétu. Ó fi fọ́tò ara rẹ̀ ránṣẹ́, pẹ̀lú bàtà aláwọ̀n lẹ́sẹ̀ méjèèjì àti fìlà Ìyá Ìbejì lórí. Ìyá náà wo fọ́tò náà pẹ́. Gbogbo wa nínú ọkọ̀ ni a gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ṣé ajere ni wọ́n wọ̀ fún ọ lẹ́sẹ̀ ni?" Ẹ̀rín pa wá. Ó bi í bóyá òtútù kò mú un. Ó ní rárá, Ìyá, àwọn ènìyàn wà pẹ̀lú mi.

Kò sọ ti ọjọ́ Àbámẹ́ta fún un. Ó ní a lè kọ ọ́ síbí, bí a kò bá ti dárúkọ òun.